Ọmọ Mai Górò ní Sábó

Ohùn Ìyá Gánà ni àgogo ilé wa. Kí wọ́n tó parí ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí Sábó, kí ìyá àgbà mi tí à ń pè ní Kákà tó sọ ọmọ odó sínú odó, obìnrin náà á ti dúró sí ẹ̀yìn ògiri tó pààlà ilé tirẹ̀ àti tiwa, á sì gbóhùn sókè: "Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ o! Ṣé o jí ire?" Èmi náà á ké láti orí ẹní pé, "Mo jí o, mà!" Bí n kò bá tètè dáhùn, á máa pè mí títí ewúrẹ́ àdúgbò á fi bá mi dá a lóhùn. Àmínátù ni Baba àgbà mi sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ. Àṣàkẹ́ jẹ́ ẹ̀bùn Ìyá Gánà. Ó ní òun kò lè máa gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun lẹ́yìn ògiri òun kí òun má ní oríkì tí òun á fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, pé ọmọ tí kò ní oríkì, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Kákà tó jẹ́ pé Haúsá ló ń sọ jù kò mọ ìtumọ̀ Àṣàkẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé mò ń dákẹ́ ẹkún bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Àṣàkẹ́, ó sì mọ́ ọn lẹ́nu títí tó fi kú.

Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé wa wà. Baba tó bí Baba àgbà mi, tí mò ń pè ní Baba, ló ti Kánò wá tẹ̀dó síbẹ̀. Baba fúnra rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì bí bàbá mi sí. Ìlọrin ni àwọn òbí mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà méjèèjì, kò sì dùn mí rárá. Obì gbànja tí àwọn Haúsá ń pè ní górò ni Baba ń tà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Mai Górò. Yàrá iwájú kún fún apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú, tí wọ́n tún fi ewé bò lórí, òórùn ewé tútù sì ni òórùn ilé wa láti àárọ̀ di alẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n dé láti iléèwé, kí n bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, kí n jókòó ti Baba, kí a da apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí a ṣa obì tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, kí a wọ́n omi díẹ̀ sórí ewé, kí a tún tò ó padà. Baba kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí iṣẹ́ náà, àmọ́ bí oníbàárà bá dé, ó fẹ́ràn kó máa yọ wọ́n lẹ́nu. Á ní, "Ilẹ̀ Yorùbá ló ń hù ú, ẹnu Haúsá ló ń jẹ ẹ́. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló ni górò?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, n kò sì ronú sí ìbéèrè náà rárá.

Ògiri àárín ilé méjèèjì ti wó díẹ̀ lápá kan, ibẹ̀ ni àwo oúnjẹ máa ń gbà kọjá. Láàárọ̀, Kákà á na kókó, ìyẹn ẹ̀kọ mímu gbígbóná, àti kósé sí Ìyá Gánà. Kósé náà ni àkàrà, bí a bá ti sọdá ògiri ló ń yí orúkọ padà. Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Gánà á na kẹ́nkẹ́ wá, ìyẹn ẹ̀kọ kíkan tí wọ́n fi ewé àgbàdo wé, pẹ̀lú ata lílọ̀ àti ẹja díndín. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, síbẹ̀ òun ló ń jí gbogbo ilé wa fún sààrì nígbà ààwẹ̀, torí oorun rẹ̀ kò wọra. "Alájì, ẹ dìde kẹ́ ẹ jẹun o, ilẹ̀ fẹ́ẹ́ mọ́! Ẹ má jẹ́ kí ebi pa ọmọ mi lọ́sàn-án!" Haúsá tí òun àti Kákà ń sọ dán ju tèmi lọ, nítorí pé Kùmásí ni wọ́n bí i sí, àárín àwọn Haúsá ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́nńbélé ni bàbá rẹ̀, òwò ló gbé e dé Gánà.

Ó máa ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe lé wọn kúrò ní Gánà fún mi nígbà tó bá ń di irun mi. Kì í fi ẹkún sọ ọ́, ìbínú ló fi ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa le lórí mi bí ìtàn bá ṣe ń gbóná. "Ibi tí wọ́n sin ibi mi sí gan-an ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n ní kí n máa lọ sí ìlú mi. Mo ní ìlú wo? Wọ́n ní ìlú tí mo ti wá. Èmi tí mi ò wá láti ibì kankan! Mo gbé mọ́ṣíìnì ìránṣọ mi rù, mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àwọn ọmọdé tò tẹ̀ lé mi lẹ́yìn: ará Gánà dé, ará Gánà dé." Á fa irun mi yọ̀ọ̀. "Títí di òní, kí ni wọ́n ń pè mí?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní òun jókòó, òun sọ fún ara òun pé òun kò ní ṣe àlejò lẹ́ẹ̀kejì. Ó tọ àwọn ìyá àgbà agboolé rẹ̀ lọ, agboolé Ọdẹ́wálé, ó kọ́ oríkì ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó kọ́ ti ìlú mọ́ ọn, títí ó fi di pé àwọn tí wọ́n bí sínú ilé náà ló ń wá bi í léèrè.

Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bó bá ń gbálẹ̀, ó ń ki ìlú. Bó bá ń fọ abọ́, ó ń ki ìlú. Kí n tó mọ ìwé kà, mo ti mọ oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété débi pé bí mo bá ń lọ sójú omi, àwọn àgbàlagbà á dá mi dúró pé kí n ki ìlú fún àwọn, wọ́n á sì fún mi ní máńgòrò. Àwọn ọmọ wọn, tí kò mọ ju ìlà kan lọ, ni wọ́n á tún sá tẹ̀ lé mi lẹ́yìn pé, "Gàmbàrí! Àbókí, èló ni àlùbọ́sà?" Mo máa ń bá wọn jà. N kò ní parọ́, mo fẹ́ràn ìjà náà. Kákà á rí ẹsẹ̀ mi tó kún fún eruku, á mi orí, á ní kí n máa fojú fò wọ́n dá. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fojú fo èèyàn dá nígbà náà, n kò sì tíì mọ̀ ọ́n di òní.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọdún tí wọ́n ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú ọmọ iléèwé kan wá sí Ọ̀yọ́, kó wá fi oríkì ki ìlú rẹ̀ níwájú èrò. Tíṣà wa, Mísísì Ọláòkun, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í na ọmọ, kò tilẹ̀ wá ẹlòmíì, èmi ló mú. Ọ̀yọ́! N kò tíì débẹ̀ rí. Ààfin tí mo ń gbọ́ nínú ìtàn, ojúlé tí Ìyá Gánà ní gbogbo Yorùbá ń wò bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. N kò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àṣà ní káńsù wá gbọ́ mi ní iléèwé. Ó jókòó, ó dijú, mo ki ìlú títí, ó ń mi orí bí ẹni tó ń jẹ oyin. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹnu ọmọ yìí dùn! Ọmọ agboolé wo ni ọ́?"

Mo ní, "Ọmọ ilé Mai Górò ni mí, sà. Ní Sábó."

"Agboolé ni mo wí."

"Ibẹ̀ ni agboolé wa, sà."

Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe pa dé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, Tíṣà ló kọjú sí, bí ẹni pé mo ti jáde kúrò níbẹ̀. "Mísísì, ṣé a ò lọ́mọ ni? Ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ẹ fẹ́ ká gbé Gàmbàrí dé Ọ̀yọ́ kó lọ ki Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?" Tíṣà ní ṣùgbọ́n ìlú yìí ni wọ́n bí ọmọ náà sí, sà, òun àti bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́ tí àwọn èèyàn máa ń rín bí wọ́n bá fẹ́ ṣàánú ẹni. "Àjò ni wọ́n wà, Mísísì. Àjò kì í sì í dùn kónílé má relé. Bó pẹ́ bó yá, wọ́n á lọ." Lẹ́yìn náà ló wá sọ òfin ìdíje náà: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ki ìlú, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀, kó sọ ọmọ ẹni tó jẹ́, kó ki agboolé rẹ̀, torí ẹni tí kò mọ ti ilé rẹ̀ kò lẹ́nu láti ki ìlú. Ó ń lọ tán, ó tún yíjú padà. Ohùn mi ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì fẹ́ gba ipò kìíní ní Ọ̀yọ́. "Ẹ wá agboolé kan fún un. Ẹ tún orúkọ yẹn ṣe. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe é, kó máa bọ̀."

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé mi délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èmi àti Baba ti da apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, obì pupa àti funfun tẹ́ sórí ẹní níwájú wa, Kákà ń fẹ́ àgbàdo nínú ọgbà. Kí Tíṣà tó parí ọ̀rọ̀, Ìyá Gánà ti gba ojú ibi tó wó lára ògiri wọlé. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ìdí ọmọ ẹlòmíì?" Ó pàtẹ́wọ́. "Ìdí tí èmi fi ọwọ́ ara mi wẹ̀, tí mo fi àdín pa, ni ẹnìkan wá ń pè ní ìdí ọmọ ẹlòmíì? Ẹ bá mi mú ọkùnrin náà wá kó wá sọ ọ́ lójú mi!" Kákà tí kò gbọ́ gbogbo Yorùbá rẹ̀ bi í ní Haúsá pé kí ló dé, ó sì tún un sọ fún un ní Haúsá, ó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tíṣà Ọláòkun kàn ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn tí ara Ìyá Gánà rọ̀ díẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ní kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ní agboolé, òun á fi yá mi. Kí n jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún Àṣàkẹ́, ọmọ agboolé Ọdẹ́wálé. Àwọn àgbà ilé òun kò ní bá òun jiyàn. Ṣebí ẹnu lásán ni.

Baba kò gbójú sókè. Ó ń ṣa obì lọ. Kò pariwo nígbà tó sọ̀rọ̀. "Ìyá Gánà, ẹ ṣeun. Ohun tẹ́ ẹ ti ṣe fún ọmọ yìí, ìyá ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí ọmọ bá dìde láàárín èrò, tí wọ́n ní ọmọ ta ni ọ́, tó wá dárúkọ ẹlòmíì, kí ló sọ bàbá rẹ̀ dà? Ṣé mo ti kú ni?"

"Alájì, mo mọ ohun tí mò ń sọ," Ìyá Gánà dá a lóhùn. "Ní Kùmásí, àwọn tó gba orúkọ onílẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń jẹun wọn níbẹ̀ di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Bàbá tèmi ní òun ò ní sẹ́ orúkọ òun láé. Orúkọ náà la gbé wálé. Ilé tá a kọ́, ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ la fi sílẹ̀."

Baba ní, "Ṣé inú ń bí yín sí i?"

Ìyá Gánà ń fi ọwọ́ pa etí ìró rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ní ìkẹyìn, ó ní ọmọ náà fẹ́ dé Ọ̀yọ́, òun kò mọ ju ìyẹn lọ. Baba wá wò mí. Mo rántí ojú náà ju ojú èyíkéyìí tó tún wò mí láyé yìí lọ. "Èmi ò ní rán an níṣẹ́ irọ́, n kò sì ní dí i lọ́nà Ọ̀yọ́. Ẹnu rẹ̀ ni. Ohun tó bá yọ níbẹ̀, a ó gbọ́."

Mo fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: bí wọ́n bá ní kí n pe ara mi ní ọmọ ewúrẹ́ kí n tó dé Ọ̀yọ́, ǹ bá pè é. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ oríkì agboolé Ọdẹ́wálé, èmi tí mo ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ohun ìyanu ló jẹ́ fún mi pé nígbàkígbà tí mo bá dé ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ sọ pé "èmi Rẹ̀mílẹ́kún," ọ̀rọ̀ náà á há mi lọ́fun. Ìyá Gánà á ní, "Tún un mú," èmi á tún un mú, á tún há. Baba ń gbọ́ wa, ó ń ṣa obì tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń ki agboolé Ọdẹ́wálé lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí i tó mú obì kan tó dán, tí kò lábàwọ́n rárá, tó sì jù ú sínú èyí tí kòkòrò jẹ. Baba, tí ojú rẹ̀ kì í ṣi obì! Mo na ọwọ́, mo mú un padà síbi tó yẹ. Kò mọ̀ pé mo rí i. Mo bínú, n kò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń ṣa obì, ọ̀rọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í to ara rẹ̀ jọ lẹ́nu mi, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tí à ń lọ, Kákà tú irun mi wò, ó súre sí mi lórí títí mọ́tò fi ń fun fèrè. Tíṣà bọ́ ìbòrí mi, ó wé gèlè kékeré fún mi, torí ọkùnrin káńsù ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Iwájú ni ọkùnrin náà jókòó sí, inú rẹ̀ dùn, ó ń ra kajú sísun fún gbogbo wa lójú ọ̀nà. Kò burú sí mi o. Ohun tó wá ń bí mi nínú di òní nìyẹn: èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ṣe ìdíje náà tóbi, fèrèsé rẹ̀ ga, èrò kún un dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ló kọ́kọ́ dìde, bó ṣe ní "A jí ṣe bí Ọ̀yọ́ là á rí," ni ilé hó gèè. Àwọn mìíràn ń dìde, wọ́n ń dárúkọ, wọ́n ń ki ilé wọn, ìyá wọn ń ju gèlè láàárín èrò. Wọ́n pe Ògbómọ̀ṣọ́.

Mo dúró sójú àgbo. Àwọn àgbà tó ń ṣe ìdájọ́ jókòó sórí àga níwájú mi, ìyá arúgbó kan wà láàárín wọn tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Bí mo ṣe fẹ́ lanu, ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú obì jáde, ó la á, ó sì ju awẹ́ kan sẹ́nu. Gbànja pupa ni. Mo mọ irú rẹ̀ dáadáa, irú rẹ̀ kan náà ló máa ń wà níwájú èmi àti Baba lórí ẹní. Bóyá láti apẹ̀rẹ̀ wa ló ti wá, bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí ọwọ́ Baba, mo rí obì tó dára tó jù nù. "Èmi Rẹ̀mílẹ́kún" kò jáde rárá. Èyí tó jáde nìyí, ohùn mi sì ga ju bí mo ṣe rò lọ:

"Èmi Àmínátù, Àṣàkẹ́ ọmọ Mai Górò,
Ọmọ a-fewé-bo-obì-kóòrùn-má-pa-á,
Ọmọ a-ṣa-kòkòrò-má-ṣa-èyí-tó-sunwọ̀n,
Ọmọ a-tajà-dé-Kánò-má-sùn-síbẹ̀.
Sábó nilé mi, Ajílété nìlú mi.
Ẹni tó ní n máa relé,
Ilé rèé, mo ti délé tipẹ́."

Ọkùnrin káńsù ti dìde. "Ẹ dá a dúró! Kì í ṣe ohun tá a jọ sọ nìyẹn!" Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Àṣé Gàmbàrí ni," ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn. Ìyá arúgbó náà mú obì kúrò lẹ́nu. "Ọ̀gbẹ́ni, jókòó. Ọmọ ń sọ ilé bàbá rẹ̀, ìwọ ń pariwo. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Ó nawọ́ sí mi. "Máa bá a lọ, Àṣàkẹ́." Ẹ̀rù ti fò lọ. Mo bọ́ sínú oríkì Ògbómọ̀ṣọ́, mo kì í gẹ́gẹ́ bí Ìyá Gánà ṣe máa ń kì í lórí abọ́ rẹ̀, ìyẹn pẹ̀lú ìbínú, mi ò ṣi ìlà kan. Nígbà tí mo parí, àwọn kan pàtẹ́wọ́ tagbáratagbára, àwọn kan ká ọwọ́ lẹ́rán. Mo wo àwọn tó káwọ́ lẹ́rán náà lójú lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó lọ jókòó.

N kò gba nǹkan kan. Ọkùnrin náà lọ bá àwọn tó ṣètò ìdíje, ó ní kì í ṣe orúkọ tí òun kọ sílẹ̀ ni ọmọ náà dá, wọ́n sì yọ Ògbómọ̀ṣọ́ kúrò pátápátá. Ọmọ ìlú mìíràn ló gbé ife lọ. Nínú mọ́tò, kò sí kajú mọ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "O ti dójú ti ìlú." Mo ní, "Ẹ ní kí oníkálukú ki agboolé rẹ̀, sà. Mo ki tèmi." Ó ń retí pé kí Tíṣà bá mi wí. Tíṣà gbé ọwọ́ rẹ̀ lé itan mi, ó dì í mú ṣinṣin, kò sì gbé e kúrò títí a fi rí iná Ògbómọ̀ṣọ́.

Baba jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Kákà ti gbé tùwó mi sílẹ̀. Baba kò bi mí bóyá mo gba ipò kìíní. Ó ní, "Kí lo sọ?" Mo dúró níwájú rẹ̀, mo kì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Nígbà tí mo dé "Ọmọ a-ṣa-kòkòrò," ó fi etí agbádá nu ojú, ó sì sọ fún Kákà ní Haúsá pé kó gbọ́ o, wọ́n ti fún òun ní oríkì. Ìyá Gánà ń gbọ́ wa láti ibi tó wó lára ògiri, n kò sì lè wo ojú rẹ̀, torí agboolé rẹ̀ ni mo kọ̀ sílẹ̀ lójú ayé. Ó ní, "Àṣàkẹ́, ilé mi ò dára tó ni?" Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ò ta orúkọ yín ní Kùmásí." Ó wá pòṣé, ó pòṣé tí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, ó sì ń rìn lọ, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ tí òun kọ́ lọ́rọ̀ ló wá ń fi ọ̀rọ̀ gún òun yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìrun tó tán, ohùn rẹ̀ ti ta sókè: "Àṣàkẹ́ o! Àṣàkẹ́ ọmọ Mai Górò! Ọmọ a-fewé-bo-obì-kóòrùn-má-pa-á! Ṣé o jí ire?" Ó kì í tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo Sábó fi mọ̀ ọ́n, tí àwọn ọmọ tó ń pè mí ní Àbókí tẹ́lẹ̀ fi ń kì í bí mo bá ń kọjá, tẹ̀ríntẹ̀rín ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá, láìrẹ́rìn-ín.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sin gbogbo wọn sí, ẹni tí wọ́n ní kó relé àti ẹni tí wọ́n lé wálé. Mo ti di ìyá àgbà, mo ti tọ́ ọmọ, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá ní iléèwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti gbọ́ ìbéèrè náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ọmọ agboolé wo ni ọ́? Bí wọ́n bá bi ọ́ níbi ìkómọ, ó dùn bí ìgbà tí wọ́n fún ọ lóúnjẹ. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ọ́fíìsì, ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń wá ọ̀nà tì. Mo rò pé ayé ti yí padà. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi Sàlámátù, tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ Sábó, tó ń gbé ní àdúgbò Under G níbí torí yunifásítì, pè mí lórí fóònù. Ó wà ní ọ́fíìsì kan tó ti lọ gba ìwé ọmọ ìlú. "Mọ́mì, wọ́n ní Sábó kì í ṣe agboolé. Wọ́n ní kí n lọ gbà á ní Kánò. Mo ní mi ò mọ ẹnì kankan ní Kánò. Ọ̀gá ibí ní bí mo bá fẹ́, kí n kàn mú orúkọ ẹlòmíì..."

Mo ní, "Ọ̀gá náà wà níwájú rẹ?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí i fún mi. Gbé fóònù náà sórí tábìlì rẹ̀. Ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn gbọ́."

Mo gbọ́ tí fóònù náà kan igi tábìlì. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń bèèrè pé ta nìyẹn, kí ló fẹ́. Mo dìde dúró nínú yàrá Baba, níbi tí apẹ̀rẹ̀ máa ń wà, mo tún gèlè mi wé, mo sì gbóhùn sókè kí ó lè dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bi ọmọ mi ní agboolé rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ."